Ta Ló Rán Ẹ̀wù Aláwàdà?

Ní oṣù Kẹta ọdún 1638, ìgbìmọ̀ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jókòó láti dá ẹjọ́ ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa pa ọba lẹ́rìn-ín lọ. Archibald Armstrong ni orúkọ rẹ̀, Archie ni wọ́n ń pè é láàfin. Ayé Ọba James ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, ó sì bá Charles ọmọ James ṣe é lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó fi William Laud, olórí àwọn bíṣọ́ọ̀bù, ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí ìwé àdúrà tuntun tí Laud fẹ́ gbé wọ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ Sìkọ́tíláǹdì ti dá rògbòdìyàn sílẹ̀. Ọdún tó ṣáájú, wọ́n ti gé etí ọkùnrin mẹ́ta ní gbangba nítorí ohun tí wọ́n kọ lòdì sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù. Wọn kò gé etí Archie. Wọ́n ní kí wọ́n fa ẹ̀wù rẹ̀ gba orí rẹ̀ bọ́, kí wọ́n sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọba.

Ẹ̀wù yẹn gan-an ni ìyà rẹ̀. Owó ọba ni wọ́n fi rán an, nígbà tó sì wà lọ́rùn Archie, ohunkóhun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde, eré ni. Bí wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù náà báyìí, ẹnu kan náà yẹn di ẹnu tí ó lè kó o sí wàhálà. Ìròyìn tí àwọn èèyàn ń gbé kiri nígbà náà ni pé wọ́n rí i lẹ́yìn náà nínú aṣọ dúdú látòkèdélẹ̀, ó sì ń sọ fún ẹni tó bi í pé bíṣọ́ọ̀bù ló gba ẹ̀wù òun. Àwọn àgbà wa ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Ní ti aláwàdà ààfin, aṣọ ni ọba ń forí jì, kì í ṣe ènìyàn tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti kọ̀wé lórí àwọn apanilẹ́rìn-ín ààfin, ẹnu wọn ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò: bí wọ́n ti ń sọ òótọ́ tí ẹlòmíràn kò lè sọ, bí ọba ti ń rẹ́rìn-ín dípò kó bínú. Aṣọ wọn á wá di ọ̀ṣọ́ lásán, ohun tí ayàwòrán fi ń mú ojú dùn. Èrò tèmi yàtọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí òmìnira aláwàdà ti tó, kó kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni aṣọ ọrùn rẹ̀, àti ẹni tó lè bọ́ ọ. Kútọnu, ní Bẹ̀nẹ̀ wa níhìn-ín, sì dára láti béèrè ìbéèrè yìí ju Lọ́ńdọ̀nù Archie lọ. Ẹni tó bá jí kúrò ní Kútọnu ní kùtùkùtù yóò dé Àgbómẹ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí, níbi tí ọba ti ni gbogbo aṣọ tó lẹ́wà nígbà kan. Bó bá yà sí ọ̀nà kejì, Kétu ni yóò dé, níbi tí aṣọ ẹlẹ́fẹ̀ ti jẹ́ ti àwọn obìnrin ìlú. Bí kò bá sì lọ síbì kankan, tó jókòó sí Kútọnu ní oṣù Kejìlá, àwọn ọmọdé yóò gbé ẹ̀dà tiwọn wá bá a lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti Yúróòpù kúrò nílẹ̀, nítorí òun ló gba ojú wa jù. Àwòrán tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni ti fìlà oníwo méjì tàbí mẹ́ta tí ṣaworo ń mì ní ṣóńṣó rẹ̀, tàbí èyí tó ní etí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ẹ̀wù tí apá kan rẹ̀ pupa, tí èkejì jẹ́ àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ìyeyè. Ọ̀pá kékeré tí wọ́n gbẹ́ orí ènìyàn sí lórí. Àwọn aláwàdà kan wọ irú aṣọ báyẹn lóòótọ́. Ìdí rẹ̀ sì yé ẹni tó bá rántí pé òfin ni ó ń sọ irú aṣọ tí ìjòyè lè wọ̀ àti èyí tí mẹ̀kúnnù kò gbọdọ̀ fara kàn ní ilẹ̀ wọn láyé ọjọ́un. Ẹni tó bá da gbogbo àwọ̀ pọ̀ sí ọrùn kan náà, kò sí ní ipò kankan, kò sì sí ẹni tí yóò bá a du ipò. Àwa náà mọ ohun tí àwọ̀ méjì lè ṣe: ìtàn Èṣù tó dé fìlà oníhà méjì gba àárín oko ọ̀rẹ́ méjì kọjá, tí wọ́n sì bá ara wọn jà lórí àwọ̀ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan rí, kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá kankan.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo àkọsílẹ̀ ààfin fúnra rẹ̀ yóò rí nǹkan mìíràn. Will Somers ni aláwàdà Henry VIII, ọba Gẹ̀ẹ́sì tó pa ìyàwó méjì. Àwòrán ẹbí ọba náà tí wọ́n yà ní nǹkan bí ọdún 1545 ṣì wà ní ààfin Hampton Court, Somers sì wà nínú rẹ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ọ̀bọ kan wà ní èjìká rẹ̀. Kò sí ìwo lórí rẹ̀, kò sí ṣaworo. Aṣọ tí ìránṣẹ́ ààfin lè wọ̀ ló wọ̀, ìwé ìnáwó ọba sì fi hàn pé àpò ọba ni owó aṣọ rẹ̀ ti ń wá. Púpọ̀ nínú àwọ̀ tí a ń rí lónìí, àwọn ayàwòrán àti àwọn òṣèré orí ìtàgé ìgbà tó tẹ̀lé e ló fi kún un. Àpẹẹrẹ kan ni Stańczyk, aláwàdà àwọn ọba ilẹ̀ Póláńdì. Àwòrán rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù, níbi tó ti jókòó nínú aṣọ pupa, tí ojú rẹ̀ fà ro nítorí ìlú Smolensk tí ọ̀tá gbà ní 1514, nígbà tí àwọn ìjòyè ń jó ní yàrá kejì, Jan Matejko ló yà á ní 1862. Nígbà yẹn, Stańczyk ti kú ní nǹkan bí ọ̀rúndún mẹ́ta sẹ́yìn.

Èyí tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ Yúróòpù ni ti ààfin Spéènì. Ọba Philip IV kó àwọn aràrá àti àwọn tí ara wọn tàbí ọpọlọ wọn kò rí bí ti ẹlòmíràn jọ sí ààfin rẹ̀ kí wọ́n lè máa dá a lára yá. Velázquez, ayàwòrán ọba, ya ọ̀pọ̀ wọn. Ó ya Sebastián de Morra ní nǹkan bí 1645: ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ kúkurú síwájú, ó di ìkúùkù méjèèjì, ó sì tẹjú mọ́ ẹni tó ń wò ó. Aṣọ olówó gọbọi ló wọ̀. Kò sí àwàdà kankan nínú ojú yẹn. Láti ibòmíràn ni wọ́n ti mú un wá, ààfin sì wọ̀ ọ́ láṣọ bó ti wù ú. Bí aṣọ náà ti lẹ́wà tó, ohun tó ń sọ fún mi ni pé ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò ní ara rẹ̀.

Àṣà kíkó irú àwọn èèyàn báyìí sí ààfin kò bẹ̀rẹ̀ ní Spéènì. Nínú ibojì Harkhuf ní Aswan, ní Íjíbítì, lẹ́tà tí Fáráò Pepi Kejì kọ sí i ṣì wà lára ògiri láti ohun tó ju ẹgbàajì ọdún lọ: ọba náà, ọmọdé ni nígbà náà, ń bẹ Harkhuf pé kó tọ́jú aràrá oníjó tó ń mú bọ̀ láti gúúsù kó má bàa jábọ́ sómi. Nílùú Bìní, Olfert Dapper kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ ti 1668 pé àwọn aràrá àti àwọn adití ń bá Ọba jáde nígbà tí wọ́n bá gẹṣin yíde, pẹ̀lú àwọn àmọ̀tẹ́kùn tí wọ́n ti tù lójú. Ère idẹ aràrá méjì tí àwọn alágbẹ̀dẹ Bìní rọ wà ní Vienna lónìí, wọ́n sì rọ wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti àkíyèsí tó jẹ́ pé ẹni tó bá rí wọn yóò gbà pé ẹni tó ṣe wọ́n mọ àwọn méjèèjì lójú.

Ṣáínà ló ní ìtàn tó dára jù lórí ohun tí aṣọ lè ṣe, mo sì fẹ́ kí a gbọ́ ọ tán. Sima Qian, òpìtàn ńlá wọn, ya odidi orí kan sọ́tọ̀ fún àwọn aláwàdà. Ọ̀kan nínú wọn ni You Meng, tó wà láàfin Ọba Zhuang ti Chu. Olórí ìjòyè ọba yìí, Sunshu Ao, kú láìní owó, ọmọ rẹ̀ sì di ẹni tó ń ru igi ìdáná tà. You Meng rán ẹ̀wù àti fìlà bíi ti olóògbé, ó kọ́ ìrìn rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀ fún ohun tó ju ọdún kan lọ, ó wá wọlé síbi àsè ọba. Ọba rò pé òkú ló jíǹde, ó ní òun yóò tún fi jẹ olórí ìjòyè. You Meng ní òun yóò kọ́kọ́ bi ìyàwó òun. Nígbà tó padà wá, ó ní ìyàwó òun kọ̀, pé iṣẹ́ náà kò wúlò, nítorí ẹni tó ṣe é gbẹ̀yìn fi ọmọ sílẹ̀ sínú ìṣẹ́. Ọba fún ọmọ náà ní ilẹ̀. Aláwàdà yìí nìkan ni mo mọ̀ nínú àwọn tí ó gbajúmọ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán aṣọ tó fi bá ọba wí.

Ó wá kan ilé. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀, tó jáde ní 1921, pé nígbà tí Aláàfin Abípa fẹ́ kó ìjọba kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́ Ilé, àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì kò fẹ́ lọ. Wọ́n ṣètò ẹ̀rù. Ìjòyè kọ̀ọ̀kan rán ẹnì kan lọ sí ahoro ìlú náà láti máa ké bí iwin lóru: Baṣọ̀run rán abuké, Alápìíní rán àfín, Aṣípa rán adẹ́tẹ̀, àwọn yòókù rán ẹni tí àgbọ̀n rẹ̀ yọ síwájú, aràrá, àti arọ. Àwọn ọdẹ tí ọba fi ṣọ́ ibẹ̀ kó àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọba sì mú wọn jáde lójú àwọn tó rán wọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń pe Abípa ní Ọba M'ọ́rọ̀. Ìtàn àwọn ẹgbẹ́ eégún apidán, tí Joel Adédèjì ṣiṣẹ́ lé lórí ní Yunifásítì Ìbàdàn, ló sọ ohun tó tẹ̀lé e: àwọn iwin mẹ́fà yìí di òṣèré ààfin lábẹ́ olórí kan tó ń jẹ́ Ológbìn Ológbojò, láti ọ̀dọ̀ wọn sì ni eré alárìnjó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìtàn yìí nira fún mi láti gbà pẹ̀lú ẹ̀rín nìkan. Ara àwọn èèyàn wọ̀nyí ni àwọn ìjòyè fi ṣe ohun ìdẹ́rùbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abuké, àfín àti arọ jẹ́ ẹni òrìṣà lójú àwọn baba wa, ẹni Ọbàtálá tí a kì í fi ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí iṣẹ́ wọn dà nígbẹ̀yìn yàtọ̀ sí ti Sebastián de Morra. Eégún apidán bo gbogbo ara mọ́lẹ̀ nínú agọ̀. Nígbà tó bá ti wọ agọ̀, kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá abuké ni tàbí ẹni tó nàró. Aṣọ ló ń ṣeré. Aṣọ á yí padà níwájú àwùjọ, inú rẹ̀ á di ẹ̀yìn, pupa á di funfun, aró á yọ. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò mú onírúurú èèyàn jáde láti fi ṣẹ̀sín: ọ̀mùtí, Tápà, Gàm̀bàrí, aṣẹ́wó, ọlọ́pàá, òyìnbó.

Òyìnbó náà fojú ara rẹ̀ rí i. Ní oṣù Kejì 1826, Hugh Clapperton, tó gba Àgbádárìgì wọ̀lú, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé lọ́dọ̀ Aláàfin Májòtú, ọba sì ní kí wọ́n ṣeré fún un. Clapperton kọ ọ́ sílẹ̀ pé àpò ńlá ni àwọn òṣèré fi bo ara, pé wọ́n fi ìrépé àkísà, sẹ́dà àti òwú tí àwọ̀ wọn ń dán gbinrin ṣe orí lọ́ṣọ̀ọ́. Wọ́n mú erè ńlá jáde. Lẹ́yìn èyí ni àpò kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọkùnrin kan tí wọ́n kùn ní funfun sì yọ nínú rẹ̀, ó rù hangogo, òtútù ń mú un, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó ń fín áṣáà, ó sì ń rìn bí ẹni tó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀ tó ti dì. Gbogbo ojú yí sí àwọn àlejò. Clapperton gbà pé eré náà dùn. Lójú tèmi, kò sí àkọsílẹ̀ tó ṣe iyebíye tó èyí lórí ẹ̀fẹ̀ Yorùbá: àwọn èèyàn wa ń fi òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú òyìnbó, nínú àgbàlá ọba, ní nǹkan bí ogún ọdún ó lé ṣáájú kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó yìnbọn sí Èkó. Aláàfin ló pe eré náà, ṣùgbọ́n agọ̀ kì í ṣe ti Aláàfin. Ti ẹgbẹ́ ni, ó ti ìdílé ọlọ́jẹ̀ wá. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé fọ́ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, àwọn òṣèré gbé agọ̀ wọn, wọ́n sì ń bá eré wọn lọ káàkiri ìlú.

Ní Àgbómẹ̀, olú ìlú ìjọba Dàhòmì, kò rí bẹ́ẹ̀. Richard Burton, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ Ọba Glèlè wò láàárín 1863 sí 1864, rí àwọn aláwàdà àti àwọn abuké láàárín ogunlọ́gọ̀ tó yí ọba ká. Ààfin Dàhòmì jẹ́ ibi tí ohun gbogbo ti ní àwọ̀: agbòòrùn ọba, fìlà àwọn ìjòyè, àsíá àwọn ológun, gbogbo wọn ni wọ́n fi ìrépé aṣọ aláràbarà rán ère sí lára, kìnnìún fún Glèlè, ẹja ekurá fún Béhanzin tó jọba lẹ́yìn rẹ̀. Ìdílé Yémadjè ni wọ́n ń rán an, ọba ni wọ́n sì ń rán an fún. Ẹni tí ọba kò bá fún kò lè wọ̀. Àwọn aláwàdà tó wà lábẹ́ irú ọba bẹ́ẹ̀, aṣọ wọn, oúnjẹ wọn àti ẹ̀mí wọn wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Nígbà tí ọmọ ogun Faransé lábẹ́ ọ̀gágun Dodds wọ Àgbómẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 1892, ààfin ń jóná, wọ́n sì kó ohun tí wọ́n rí kó. Ohun 26 lára rẹ̀ padà dé Kútọnu ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá 2021, ìjọba sì ṣí wọn sílẹ̀ fún aráàlú ní ààfin Marina láti oṣù Kejì 2022. Èrò tó tò láti wọlé pọ̀ gan-an, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìtẹ́ Ọba Gẹ̀zò wà níbẹ̀, ti Glèlè náà wà, ilẹ̀kùn ààfin, ère ọba tó jẹ́ ìdajì ènìyàn ìdajì ẹja, aṣọ ológun, òfì ìhunṣọ pàápàá. Ẹ̀wù aláwàdà kankan kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ń kó ẹrù ọba kì í rí àkísà ẹlẹ́fẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹrù. Bí Béhanzin ti lọ sí ìgbèkùn ni aláwàdà ọba náà parẹ́, kò sí ìlú tó jogún rẹ̀. Àwọn télọ̀ ni wọ́n rí ọ̀nà lọ: wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta iṣẹ́ wọn fún ẹni tó bá lówó rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ tí ọba nìkan ní tẹ́lẹ̀ ṣe bọ́ sí ìgboro.

Àwọn ará Kétu mọ Dàhòmì dáadáa. Ọmọ ogun Glèlè ló fọ́ ìlú wọn ní 1886, tí wọ́n kó àwọn èèyàn rẹ̀ lẹ́rú lọ sí Àgbómẹ̀. Síbẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré tí wọ́n fi ń júbà àwọn ìyá, kò bá Kétu fọ́. Ó wà ní Kétu, ní Pọbẹ̀, ní Sàkẹ́tẹ́, ní Àjàṣẹ́, ní ìlú Kútọnu fúnra rẹ̀ níbi tí àwọn ọmọ Kétu àti Nàgó mìíràn ti ń gbé, ó sì wà ní Nàìjíríà àti Tógò. Ní 2001 ni UNESCO kéde rẹ̀ láàárín ogún àtẹnudẹ́nu tó ta yọ lágbàáyé. Ohun tó mú un dúró ni mo fẹ́ sọ.

Òru ni Ẹ̀fẹ̀, apá tó ṣáájú nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ọjà tàbí ojúde ìlú ni wọ́n ti ń ṣe é, lẹ́yìn ìkórè tàbí nígbà tí ọ̀dá tàbí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé. Àràbí Àjígbálẹ̀ á kọ́kọ́ gbálẹ̀, Agbéná á gbé iná kọjá, Tètèdé á jáde láti pe ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ fúnra rẹ̀ á yọ. Ojú ère rẹ̀ funfun, ejò àti ẹyẹ tí wọ́n gbẹ́ wà lókè orí rẹ̀. Ara rẹ̀ tóbi ju ti ènìyàn lọ nítorí ìgbátí ọparun tó wà lábẹ́ aṣọ, ìrépé aṣọ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ṣe lọ́nà sì ń ṣubú lé ara wọn láti àyà dé orúnkún. Ṣaworo ń dún ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ìrùkẹ̀rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ọ̀tún àti òsì. Kò ní sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn kankan kó tó júbà: á júbà òrìṣà, á júbà àwọn ìyá, á júbà àgbà, á wúre fún ìlú. Nígbà tí wọ́n bá ti gbà fún un ni yóò tó la ẹnu. Títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ó lè dárúkọ ọkùnrin tó ń na ìyàwó rẹ̀, obìnrin tó ń da ilé rú, olóṣèlú tó jẹ owó, ìjòyè tó gba ẹ̀gúnjẹ. Ẹni tó bá kàn kò lè bínú síbẹ̀, kò lè pè é lẹ́jọ́ lọ́jọ́ kejì. Ọba kì í pọ̀kọrin, a sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ọba ló ń pa òwe yẹn mọ́. Lọ́dọ̀ Ẹlẹ́fẹ̀ ni òwe náà ti di òfin.

Kí ló fà á tí Archie kò rí irú ààbò yẹn? Ẹ wo aṣọ àwọn tó ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ní Kétu àti agbègbè rẹ̀, gèlè, òjá, ìborùn àti ìró obìnrin ni wọ́n fi ń wé e, ọ̀pọ̀ yanturu, wọ́n á sì so wọ́n mọ́ra kí àwọ̀ wọn lè máa fò bí oníjó ti ń yí. Aṣọ àyálò ni. Ìyàwó, ìyá, àbúrò, aládùúgbò, wọ́n ti inú àpótí wọn yọ ọ́ fún un, ọ̀tọ̀ sì ni èyí tí yóò wọ̀ lọ́dún tí ń bọ̀. Ọkùnrin ló ń jó, obìnrin ló ni aṣọ, Ìyálàṣẹ̀ sì ni olórí awo. Tí ìjòyè kan bá fẹ́ fa aṣọ oníjó ya lónìí, ó ṣeé ṣe kí gèlè ìyàwó tirẹ̀ wà níbẹ̀. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ààbò náà ti bẹ̀rẹ̀, kó tó kan ẹ̀rù àwọn ìyá àti àṣẹ òrìṣà. Ìgbìmọ̀ ọba lè bọ́ ẹ̀wù tí ọba rán. Kò sí ìgbìmọ̀ tó lè bọ́ ẹ̀wù tí ọgbọ̀n ilé dá jọ.

Kútọnu ní tirẹ̀, tó kéré, tí mo sì fẹ́ràn gidigidi. Bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ọmọ kàlẹ́tà á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ilé dé ilé. Ẹgbẹ́ ọmọ márùn-ún, mẹ́jọ, mẹ́wàá. Ọ̀kan tàbí méjì nínú wọn bo ojú pẹ̀lú ère páálí tàbí ti rọ́bà, wọ́n wọ ṣòkòtò bàbá tó tóbi jù, àpò ìrẹsì, àkísà aláwọ̀ mẹ́fà, ewé ọ̀pẹ. Àwọn yòókù ń lu agolo àti ike. Oníbojú á jó títí ẹ ó fi fún un ní owó ẹyọ. Àwọn Àgùdà ló gbé e wá, àwọn tó ti oko ẹrú ní Bàhíà padà sí Wídà, Àjàṣẹ́ àti Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n sì tún mú ijó Burián bọ̀, pẹ̀lú màlúù rẹ̀ àti àwọn òmìrán rẹ̀. Èkó náà ní kàrẹ́tà tirẹ̀ ní àdúgbò àwọn Àgùdà. Ní abúlé Podence ní ìhà àríwá Pọ́túgàl, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ṣì ń fi òwú pupa, àwọ̀ ewé àti ìyeyè bora, wọ́n so ṣaworo mọ́ ìbàdí, wọ́n ń sáré kiri ìlú lásìkò kànífáà. Wọ́n wọ inú ìwé àjogúnbá UNESCO ní 2019. Ó jọ pé ìbátan ni wọ́n pẹ̀lú kàlẹ́tà wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Òkun Àtìláńtíìkì ni aṣọ náà gbà, lọ àti bọ̀, kó tó dé ẹnu ọ̀nà wa. Ọmọ kàlẹ́tà kò ní ọba, kò ní awo. Ilé bàbá rẹ̀ ló ti ṣa aṣọ rẹ̀ jọ. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó lè jó níwájú ẹnikẹ́ni, kó di ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ ọlọ́lá, kó na ọwọ́ sí i, kí wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Ní ilẹ̀ Hausa, wawan sarki ń ṣe bí aṣiwèrè níwájú ọba, ọba ló sì ń bọ́ ọ. Ní Málì, àwọn Kɔrɛduga, tí UNESCO kọ sínú ìwé àwọn àṣà tó nílò ààbò kíákíá ní 2011, ń fi àkísà àti ẹ̀wà pupa tí wọ́n sín bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ara lọ́ṣọ̀ọ́, wọ́n ń ṣe bí ọ̀jẹun, wọ́n sì ń fi ẹ̀rín kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́. Ẹgbẹ́ tiwọn ló ni wọ́n.

Aṣọ kan wà tí kì í ṣe ti ọba, tí kì í sì í ṣe ti ìlú. Ẹni tó bá ti tó ọjọ́ orí kan nínú wa kò lè gbàgbé Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá: awò ojú tó tóbi ju ojú lọ, táì tó gùn gbọ̀ọ̀rọ̀ tàbí tó fẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ, aago orí tábìlì tó so mọ́ ọrùn ọwọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀, ó sì fi aṣọ yẹn sọ òótọ́ nípa ahun, ọ̀kánjúwà àti ẹni tó ń fi ìmúra tan ara rẹ̀ jẹ, láti orí ìtàgé dé orí tẹlifíṣọ̀n. Kò sí ọba tó lè bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olè ṣe àdàkọ fíìmù rẹ̀, Ọ̀run Móoru, tó ṣe ní 1982, gbèsè lọ́rùn rẹ̀ ló kù, kò sì sí ìlú kan tó jáde láti sọ pé ẹni wa ni. Títí ó fi kú ní 2018, ọ̀pọ̀ èèyàn rẹ́rìn-ín sí i, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ràn án lọ́wọ́. Inú mi kì í dùn tí mo bá rántí èyí.

Àwọn aláwàdà Kútọnu òde òní wà ní ipò kan náà, ó tilẹ̀ burú jù. Orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe é, ní Fọ̀n, ní Faransé, ní Nàgó, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀ lọ sí ọjà Tọkpá. Ojúde kò sí, òru kò sí, ìjúbà kò sí. Àwàdà tí wọ́n ṣe lónìí á ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sí i fún ẹni tó bá fẹ́ fi pè wọ́n lẹ́jọ́. Láti 2018 ni òfin ti wà ní Bẹ̀nẹ̀ lórí ohun tí èèyàn bá gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní oṣù Kejìlá 2019 sì ni akọ̀ròyìn kan bá a dé ẹ̀wọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ tó kọ sórí Twitter. Akọ̀ròyìn ni, kì í ṣe aláwàdà, ṣùgbọ́n òfin náà kò béèrè bóyá ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ tàbí ẹkún.

Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti dáwọ́ lé ilé àkójọ ńlá ní Àgbómẹ̀ fún ìtàn àwọn ọba àti àwọn jagunjagun obìnrin, òmíràn sì wà fún Àjàṣẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n ṣe àyè níbẹ̀ fún ẹni tó ń bú ọba, bí wọ́n ti ṣe é fún ìtẹ́ ọba. Kí wọ́n lọ sí Kétu, kí wọ́n tọrọ aṣọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan tó pé, tòun ti gèlè àti òjá rẹ̀, kí wọ́n má rà á. Kí wọ́n kọ orúkọ obìnrin kọ̀ọ̀kan tó yọ̀ǹda aṣọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà tó tóbi bí èyí tí wọ́n fi kọ orúkọ Glèlè. Tí ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá sì tún dé, kí wọ́n ṣí gíláàsì náà, kí wọ́n dá aṣọ padà fún àwọn tó ni ín.